Oṣù Mẹ́jọ Lórí Rìsáàfù

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, géèjì máṣìnnì mi ní epo kún táńkì. Kò sọ ohun mìíràn rí. Láti ọjọ́ tí mo ti ra máṣìnnì náà ní àlòkù ní Múṣin, ọwọ́ pupa kékeré inú géèjì yẹn kò kúrò níbi tí wọ́n kọ "kún" sí, ì báà jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra epo ni, ì báà jẹ́ pé táńkì ti gbẹ. Mo mọ àwọn èèyàn tó rí bẹ́ẹ̀. Alága àwọn ayálégbé ládùúgbò wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, bí iná bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, yóò dìde nípàdé, yóò ní gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Èmi kì í bá irú wọn jiyàn. Mo kàn máa ń ra àbẹ́là ni.

Ọdún díẹ̀ nìyẹn ṣáájú kí òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ládùúgbò wa. Ẹni tó mọ̀ mí máa ṣe kàyéfì pé mo gun máṣìnnì rí. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, bọ́ọ̀sì kan dojú dé pẹ̀lú wa, èmi sì wà lára ìwọ̀nba tó fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde. Láti ìgbà náà, tí mo bá fẹ́ sọdá títì, mo máa ń wo òsì, mo máa ń wo ọ̀tún, lẹ́yìn náà ni mo tún máa ń wo òkè. Ẹ̀rù bọ́ọ̀sì ló jẹ́ kí n ra máṣìnnì. Ó kéré tán, mo mọ ẹni tó ń wà á, mo sì mọ̀ pé ojo ni.

Mẹkáníìkì tó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìpọ̀nrí kàn fi ìka ta géèjì náà, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé eléyìí, irọ́ ló ń pa. Táàpù abẹ́ táńkì yìí ni kẹ́ ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí i síbí, ọ́ọ̀fù ni, epo ò ní wá. Ibí ni ọ́ọ̀nù, epo á máa lọ. Èyí tó kù yìí ni rìsáàfù. Epo ìpamọ́ ni, ti ọjọ́ ìṣòro. Ẹ má fi ṣeré o."

Ọ̀rọ̀ "ìpamọ́" yẹn ló kó bá mi. Mo rò ó títí mo fi délé. Tí mo bá fi táàpù sí ọ́ọ̀nù, epo ń lọ, ìyẹn ni pé mò ń ná an. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọjú rẹ̀ sí ìpamọ́, a jẹ́ pé bí mo ṣe ń lọ ni díẹ̀díẹ̀ yóò máa ṣẹ́ kù sí kọ̀rọ̀ kan nínú táńkì. N kò bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣọ́ra kì í béèrè ohun tó lè fi í hàn pé kò mọ̀ ọ́n. Mo yí i sí rìsáàfù, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ gbáko.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ra epo díẹ̀ sí i, máṣìnnì sì ń lọ dáadáa. Tí mo bá rí ọlọ́kadà tí tirẹ̀ kú lójú ọ̀nà, tó na ọwọ́ sábẹ́ táńkì, tó yí nǹkan, tó sì tún ṣáná sí i, mo máa ń káàánú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé: wò ó, ó ti dé orí ìpamọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú fẹ́ padà sílé. Mo ní kí n gbé e dé Jíbówú, níbi tó ti máa wọkọ̀.

"Epo wà nínú ẹ̀ ṣá?" ó bi mí bó ṣe ń gun ẹ̀yìn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Èyí tí mò ń lò wà, èyí tí mo pa mọ́ náà wà."

"O ṣeun. Bàbá wa náà kì í ṣe nǹkan wúruwùru."

Mo gba Yàbá, nítorí n kò fẹ́ràn orí bíríìjì. Ibi tí ojú irin ti gba àárín títì kọjá ni máṣìnnì ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tó sì kú. Táyà iwájú ti kọjá irin àkọ́kọ́, tẹ̀yìn kò tíì kọjá. Mo sáré fi í sí jíà kó má baà yí. Ìgbà náà gan-an ni fèrè rélùwéè dún.

N ò ní parọ́, ọkàn mi balẹ̀. Ọjọ́ ìṣòro ló dé yìí, èmi sì ti múra dè é. Mo yí táàpù sí ọ́ọ̀nù jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣí àpótí. Mo fẹsẹ̀ tẹ máṣìnnì kó lè ṣáná. Kò dún. Mo tún tẹ̀ ẹ́.

"Kí ló ṣẹlẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ sílẹ̀.

"Epo ìpamọ́ ló ń bọ̀."

"Rélùwéè náà ń bọ̀!"

Àwọn tó pàtẹ bàtà àlòkù sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ti ń kó ọjà wọn láìkánjú. Ọ̀kan ń ké pé, "Ọ̀gá, ẹ fi sílẹ̀ kẹ́ ẹ sá!" Obìnrin kan ń gbàdúrà fún mi. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò. Mo lè sá, àmọ́ epo oṣù mẹ́jọ ni mo rò pé ó wà nínú táńkì yẹn. Mo ti ọkọ̀, kò mì. Ẹ̀gbọ́n mi padà wá, ó fa kọ́là mi títí bọ́tìnnì fi já.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kí n lọ sọ nílé pé torí máṣìnnì lo ṣe kú?"

Ọlọ́kadà kan ló fò bọ́ sáàárín wa. "Baba, inú jíà lẹ fi sí! Báwo ló ṣe máa yí?" Ó fi ẹsẹ̀ gbá jíà jáde, ó ti máṣìnnì àti èmi pọ̀ sí òdìkejì irin. A ò tíì mí dáadáa tí rélùwéè fi kọjá lẹ́yìn wa. Ọkùnrin kan juwọ́ sí mi lójú fèrèsé. Mo juwọ́ padà, n kò mọ ìdí.

Ọlọ́kadà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo táàpù. "Ọ́ọ̀nù nìyí. Ẹ yí i sí rìsáàfù nígbà náà."

"Ibẹ̀ ló ti ń bọ̀," ni mo wí.

"Láti àárọ̀?"

"Láti oṣù mẹ́jọ. Mò ń pa á mọ́ ni."

Ó képe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókèèrè. "Ẹ wá gbọ́ o! Baba yìí ń pa epo mọ́!" Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó ṣàlàyé fún mi. Ọ́ọ̀nù kì í mu epo dé ìsàlẹ̀ táńkì. Tó bá ti kù díẹ̀, ọkọ̀ á kú, ìyẹn ni ìkìlọ̀. Rìsáàfù ló ń mu èyí tó kù nísàlẹ̀ pátápátá. "Ẹ ti ń mu ìpamọ́ yín látọjọ́ yìí wá. Kò sí ẹni tó máa kìlọ̀ fún yín mọ́."

Ó tẹ́ máṣìnnì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ìgbà téèyàn ń tẹ́ ọmọ sùn, kí ìwọ̀nba epo tó há sí apá kejì táńkì lè ṣàn wá síhà táàpù. Ó gbé e dìde, ó yí i sí rìsáàfù, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún. "Ẹ yà sí ilé epo tó bá kọ́kọ́ kàn yín. Màmá, ẹ gùn ún, ẹ máa lọ."

"Ta ló máa gùn ún?" Ẹ̀gbọ́n mi ti gbé báàgì rẹ̀ lérí.

Èmi náà kò gùn ún. Mo pa á, mò ń tì í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbọ́n mi títí dé Jíbówú. Bọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú tó kàn ti gbó, táyà rẹ̀ dán bí àwo, ọwọ́ kan ni dírẹ́bà fi di ilẹ̀kùn mú kó má baà já. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé láìbéèrè ohunkóhun, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí ọkọ̀ ṣe ń ṣí, ó yọ orí síta.

"Máa rọra lọ o! Tó o bá ti délé, pè mí, kí ọkàn mi lè balẹ̀."