Obìnrin Òkúta àti Ẹyẹ Tí Kò Lẹ́sẹ̀

Tí ojú ọjọ́ bá ṣókùnkùn ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, lọ́sàn-án gangan, bó ṣe máa ń ṣe nígbà òtútù, ọwọ́ obìnrin kan ni mo máa ń rántí. Ọwọ́ òkúta ni. Obìnrin náà ti kú láti ayé àwọn jagunjagun tó ń wọ ẹ̀wù irin, wọ́n wá gbẹ́ ère rẹ̀ sórí ibojì nínú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan lọ́nà Catford. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ajá òkúta kékeré kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo ń gbálẹ̀ níbẹ̀ nígbà yẹn. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí níbi tí mo ti ń kírun. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ṣáájú mi sá kúrò láì padà wá mú kóòtù rẹ̀, wọn ò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi náà ò béèrè. Ìwé mẹ́fà ni mo kà nílé, mo sì gbà pé ohun tí mi ò bá mọ̀, kò tíì sí láyé.

Òyìnbó arúgbó kan ń gbé fúláàtì tó wà lórí tiwa. Màmá Òkè ni ìyàwó mi sọ ọ́, ó sì kọ́ ọ ní Yorùbá díẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé “wọ́n” là ń pe òun, ó ní ẹnì kan ṣoṣo lòun, ká yé sọ òun di èrò ọjà. Ìyàwó mi kò gbà, èmi gbà, ṣùgbọ́n “ẹ” ni mo ṣì ń sọ sí i lójú. Oúnjẹ ló ń sè fáwọn ọmọ iléèwé títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n obìnrin òkúta yẹn ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn láti kékeré. Orúkọ obìnrin náà nìkan ló kù lára ibojì. Ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá àti ti ọkọ wà ti fọ́ dànù. Màmá Òkè alára kò mọ bàbá tó bí i, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ó ní ti òun ti bọ́, ṣùgbọ́n òun máa wá bàbá fún obìnrin yìí kí òun tó kú. Àlùfáà sì ti ṣèlérí pé bó bá rí i, wọ́n máa fín in sára òkúta tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

Ikú yẹn kò sì jìnnà. Ọkàn ló ń ṣe é. Dókítà ní kó wá fún iṣẹ́ abẹ, Màmá Òkè ní ó di ìgbà tóun bá rí bàbá obìnrin náà. Ètè rẹ̀ ń dúdú sí i. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, láti kíṣìnì wa la ti ń gbọ́ èémí rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ayùn ré igi tútù. Ìyàwó mi á dáwọ́ dúró nídìí ìkòkò, á máa tẹ́tí títí ilẹ̀kùn òkè á fi pa dé.

Ọ̀nà méjì ló fi ń wá a. Èkíní ni asà tí wọ́n gbẹ́ sórí ibojì. Láyé ìgbà yẹn, ìdílé ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tí wọ́n ń yà sára asà ogun, bí ilà ojú ṣe rí lọ́dọ̀ tiwa. Ẹyẹ mẹ́ta ló wà lára ti obìnrin náà, ẹyẹ kéékèèké tí kò lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé ibo ni wọ́n ń bà sí. Ó ní wọn kì í bà. Ọ̀nà kejì ni ìwé ilẹ̀ àtijọ́ tí ìjọba kó pa mọ́. Ó rí i níbẹ̀ pé ilẹ̀ tí obìnrin náà ń jẹ títí ó fi kú, ilé ẹlẹ́yẹ, ìdílé tó ni àmì ẹyẹ yẹn, ló ni ín.

“Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn,” ni mo wí. “Ẹlẹ́yẹ ni bàbá rẹ̀.”

“Ó lè jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, àti ilẹ̀ àti ẹyẹ.”

“Màmá, níbo ni ìyàwó ti ń jẹ ilẹ̀ ọkọ? Nígbà tí bàbá mi kú, àwọn àbúrò wọn gba oko kòkó, wọ́n gba àdá mọ́ ọn. Ilé bàbá ìyá mi ni ìyá mi gbé ẹrù lọ. Obìnrin tó bá jókòó lórí ilẹ̀ títí ó fi kú, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló jókòó lé.”

“Ìwọ ṣáà fẹ́ kí n lọ sílé ìwòsàn.”

“Mo fẹ́ kí ẹ lọ. Ariwo yín ò jẹ́ ká gbọ́ tẹlifíṣọ̀n mọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fún àlùfáà ní orúkọ baálé ilé ẹlẹ́yẹ, ó sì gbà kí wọ́n gba òun sí wọ́ọ̀dù.

Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki obìnrin òkúta náà láràárọ̀ tí mo bá ń gbálẹ̀. Ọmọ kì í wà kí wọ́n má kì í nílé bàbá rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Mo ní, “Ọmọ ẹlẹ́yẹ mẹ́ta, ọmọ ẹyẹ tí kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi bà.” Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àtùpà ẹ̀bá pẹpẹ kú. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, òtútù jáde lára òkúta yẹn bí ìgbà téèyàn ṣí fíríìjì alápatà. Nígbà tó yá, ajá ẹsẹ̀ rẹ̀, tó ti ń wo ògiri láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, wá ń wo èmi. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ bi ẹni tó fi kóòtù rẹ̀ sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin tó ń fín òkúta máa wá, àlùfáà ní kí n gbé kọ́bọ́ọ̀dù ìwé orin kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì kó lè ráyè. Kò sẹ́ni tó rántí ìgbà tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Mo tì í, mo sì rí i pé wọ́n gbẹ́ àwòrán sí ẹ̀gbẹ́ ibojì tó fara pa mọ́ náà. Ọkùnrin kan dúró nínú ẹ̀wù ogun, ẹyẹ mẹ́ta láyà rẹ̀. Obìnrin kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀, ẹja méjì sì wà lára yẹ̀rì rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ni ẹlẹ́yẹ, ẹja ni àmì ilé bàbá rẹ̀. Bí a bá wá fín in pé ẹlẹ́yẹ ni bàbá rẹ̀, a ti fi í fún ọmọ bàbá rẹ̀ ṣaya nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń kì í, èèwọ̀ ni mo ń kà sí i létí, ó sì pa ọwọ́ pọ̀, ó ń bẹ̀ mí.

Mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó ní, “Daddy, ẹ fi òkú sílẹ̀. Màmá Òkè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí dókítà fọwọ́ kàn wọ́n, òní ni wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ. Ṣé ẹ fẹ́ pa wọ́n ni?”

“Wọ́n máa fín in sára òkúta.”

“Kí wọ́n fín in. Ta ló máa kà á?”

“Màmá Òkè máa kà á.”

“Tí wọ́n bá yè é.”

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ bá Màmá Òkè nílé ìwòsàn. Wọ́n ti wọ aṣọ iṣẹ́ abẹ fún un. Mo fẹ́ kí i kí n sì máa lọ, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi, ó ní kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ó dijú pẹ́ débi pé mo wo ẹ̀rọ tó ń ka ọkàn rẹ̀.

“Opó máa ń jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, títí ó fi máa kú,” ló wí. “Mo mọ̀ ọ́n. Ó rẹ̀ mí ni.” Lẹ́yìn náà ó lajú. “Ẹja méjì, ṣé ó dá ọ lójú? Ilẹ̀ kékeré kan wà létí odò tí obìnrin náà mú wọ ilé ọkọ. Mi ò mọ bó ṣe di tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́ja ló ni odò yẹn.” Ó dárúkọ ọkùnrin kan, baálé ilé ẹlẹ́ja, ó ní kí n pè é tẹ̀ lé òun títí mo fi pè é dáadáa. Àwọn nọ́ọ̀sì ti ń ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ. “Sáré,” ló wí.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá ọkùnrin tó ń fín òkúta lórí ìkúnlẹ̀. Ó ti fín “ọmọbìnrin”, òòlù rẹ̀ sì ti wà lókè fún lẹ́tà tó kàn. Mo di ọwọ́ náà mú. Ó pè mí ní wèrè, àlùfáà sáré jáde, mo fa àlùfáà náà lọ síbi ẹja, mo sì pe orúkọ tí Màmá Òkè kọ́ mi.

Màmá Òkè jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Mo sọ fún un pé lẹ́tà orúkọ bàbá náà tóbi tó búrẹ́dì, pé láti inú bọ́ọ̀sì lèèyàn ti lè kà á. Kò tóbi ju ẹ̀wà lọ. Ó mọ̀ pé mò ń parọ́, ó sì fún mi lọ́wọ́. Ọwọ́ yẹn tutù. Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Mo ti dàgbà ju bó ṣe dàgbà nígbà yẹn lọ báyìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi, tí wọ́n bí síbí, ya ìdílé wa sínú pépà fún iléèwé láìpẹ́ yìí, èmi ni wọ́n fi sókè pátápátá, bí ẹni pé òjò ló rọ̀ mí sí Peckham. Mo dárúkọ bàbá mi fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Grandpa, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀.” Bàbá tí mo ti ń pìtàn rẹ̀ fún wọn láti kékeré bá erin jìjàkadì, ó sì gun ọ̀nì kọjá odò, ṣùgbọ́n ọkùnrin gidi tó ní oko kòkó kékeré, tó kú nítorí ibà, wọn ò gbà pé ó wà rí. Mo tún dárúkọ náà, jẹ́jẹ́, láì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti padà sídìí fóònù wọn.