Àjàrà Ẹ̀yìnkùlé Màmá Maro

Láti ìgbà tí Tájù ti kó dé Glenn Dale nílùú òyìnbó ló ti ń sọ fún Ṣadé, ìyàwó rẹ̀, pé àlejò làwọn, àwọn ò ní pẹ́ padà sí Ìbàdàn. Ọdún ń gorí ọdún. Ó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé, ó ń kírun Jímọ́ọ̀, ṣùgbọ́n kò gbin ewé kan sẹ́yìnkùlé rí.

Ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Maro ló ń gbé ilé kejì. Georgia ló ti wá, kì í ṣe ti Atlanta o, èyí tó jẹ́ orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀ lókè òkun, níbi tí yìnyín ti ń bo orí òkè. Ọkọ rẹ̀ ló gbin àjàrà tó bo ògiri ẹ̀yìn ilé wọn. Ní ọdún 2006, ọkùnrin náà kú kí èso tó pọ́n. Nígbà tó wá pọ́n, Tájù yọjú lójú fèrèsé, ó rí opó náà tó ń gun àga. Ó gbé àkàbà, ó sáré lọ.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ n bá yín ká a."

Wọ́n ká a títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Maro mọ̀ pé Mùsùlùmí ni, ó bu omi àjàrà tí kò tíì kan fún un. Ó ní nílẹ̀ àwọn, wọ́n hú àfọ́kù ìkòkò tí ọtí àjàrà ti gbẹ mọ́ nínú láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méje.

"Ta ló kọ́ wọn?"

"Bóyá ẹnì kan ló gbàgbé èso sínú ìkòkò."

Tájù rẹ́rìn-ín. Bàbá bàbá rẹ̀ dẹ́mu kó tó gba Ìsìláàmù. Ó mọ̀ pé ẹmu kì í dúró de olùkọ́ kó tó kan. "Ọ̀pẹ inú igbó làwọn tiwa ń gùn."

"Inú igbó làwa náà ti kọ́kọ́ ń ká a. Ìgbà tí èèyàn gbìn ín ló di dandan kó jókòó tì í, torí kì í tètè so." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọdún tá a dé ibí lọkọ mi gbin èyí. Ẹkún ilé ni mò ń sun nígbà náà. Kò bá mi wí, ilẹ̀ ló ń gbẹ́."

Nígbà tí òtútù lọ, Tájù tọrọ ẹ̀ka àjàrà kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣadé bá a lórí ìkúnlẹ̀, tó ń fọwọ́ tẹ iyẹ̀pẹ̀ mọ́ ẹ̀ka náà nídìí lẹ́yìnkùlé wọn.

"Ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"A ó máa lọ kí wọn ní Ìbàdàn," ó ní. "A ó sì máa padà wálé."

Ṣadé lọ bomi wá.

Ọdún kẹta ló tó so, èso àkọ́kọ́ rẹ̀ sì kan gógó. Ojú ń ti Tájù bó ṣe gbé e sínú àwo lọ fún Maro. Ìyá náà jẹ ẹyọ kan, ó jẹ ìkejì, ó rọra fa àwo náà mọ́ra.