Àga Tí Ọkọ Mi Kò Jókòó Lé

Nígbà tí owó epo kún ìlú, tí oníkálukú ń kọ́lé, sìmẹ́ńtì ni ọkọ mi ń rù ní ọjà Agbalata. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé àpò lé èjìká, wọ́n á dìde fùú. Wọ́n á tún máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó, ṣé kí n gbé ìwọ náà lé e?"

Orúkọ gbogbo àwọn tó ń kírun pẹ̀lú wọn ní ìlà iwájú ní mọ́ṣáláṣí Ajara wà lórí mi dòní. Mi ò ní kọ ọ́ síbí, torí ọ̀rẹ́ wọn tímọ́tímọ́ wà nínú wọn.

Nígbà tí ara di ara àgbà, ìtọ̀ ń há ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ wọn yìí. Wọ́n jọ lọ sí ọsibítù, dókítà kọ oògùn kan náà fún wọn. Mo bi ọkọ mi pé kí ni dókítà wí.

"Kò wí nǹkan kan. Ẹyọ kan lójúmọ́."

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, mo wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé àwa obìnrin. A forí kanlẹ̀, a dìde, mo gbọ́ gbì níwájú. Ọkọ mi ni. Wọ́n ti ṣubú, wọ́n sì forí gbá ògiri. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n kú.

Nígbà tí mo jáde opó, mo mú páálí oògùn náà lọ bá dókítà.

"Ìyá, mo ṣàlàyé o. Tí ọ̀dọ́ bá dìde, iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fún kíá, kí ẹ̀jẹ̀ lè dé orí. Ti àgbàlagbà máa ń lọ́ra. Oògùn yìí tún ń dẹ iṣan ọ̀hún sí i. Mo ní kí wọ́n máa rọra dìde, kí wọ́n máa jókòó sórí àga kírun. Ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀."

Mo gba ilé ọ̀rẹ́ náà lọ.

"Ẹ mọ̀?"

"Ìyàwó wa, wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá gbọ́, ẹ máa gbé àga tẹ̀ lé àwọn dé mọ́ṣáláṣí."

"Ẹ̀ bá jẹ́ kí n gbé e!"



Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ká aṣọ ìkélé díẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi wà ní ìpẹ̀kun ìlà iwájú, lórí àga oníke funfun, wọ́n ń kírun. Mo bi obìnrin ẹ̀gbẹ́ mi pé ìgbà wo ni wọ́n ti ń jókòó.

"Ó ti pẹ́ o," ló wí. "Láti ọ̀sẹ̀ tí a sin ọkọ yín."