Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ojú Mi Kò Ríran

Mo ṣì kéré, mi ò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, nígbà tí à ń gbé ní Ìgando. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bó ṣe rí: a ó gbálẹ̀, a ó fọ abọ́, a ó fa omi láti kànga, kí wọ́n tó gbà wá láyè láti ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń. Ẹni tó bá fọ́ abọ́, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ lókè, títí apá yóò fi máa gbọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú láràárọ̀. Ìtọ̀ mi pọ́n bí omi ìsápá, ṣùgbọ́n ìtìjú ò jẹ́ kí n sọ fún ẹnikẹ́ni. Màmá mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé àsùnjù ló ń dà mí láàmú.

Lọ́sàn-án Sátidé, à ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń alátẹ́wọ́ lọ́wọ́ nígbà tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi bí ẹni ń gún èlùbọ́ nínú rẹ̀. Lójijì, gbogbo nǹkan ṣókùnkùn. Mo ń gbọ́ àtẹ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi, mi ò rí wọn.

"Ta ló paná?" ni mo bi wọ́n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gìrì mú mi.

Wọ́n ní ìyá onílé ti ń wá ṣíbí tí yóò fi là mí lẹ́nu. Bàbá mi, káfíńtà ará Ògbómọ̀ṣọ́, ò dúró gbọ́. Ó gbé mi kọ́ èjìká, ó di ilé ìwòsàn.

Ohùn dókítà obìnrin kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo tají. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, Màmá. Ó ga gan-an."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru kẹ̀? Ọmọ kékeré yìí? Ìyá mi àgbà ló ní i, dókítà!"

"Kíndìnrín rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, òun ló mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ọpọlọ rẹ̀ wá wú, lápá ẹ̀yìn tó ń bá ojú ríran. Ojú gan-an ò ní nǹkan kan. Bí a bá rọra mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, a ní ìrètí pé wíwú náà á rọlẹ̀, ọmọ náà á sì ríran padà."

Mo gbọ́ tí bàbá mi ń ṣe àdúà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ẹ̀wà àtẹ́ ni wọ́n ń fi bọ́ mi nínú òkùnkùn náà, torí iyọ̀ a máa mú ẹ̀jẹ̀ ru.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, nǹkan pupa kan ń mì níwájú mi. Mo nawọ́ sí i.

"Màmi, gèlè yín ti yẹ̀."

Ó dì mọ́ mi, ó bú sẹ́kún. Wọn ò fi abẹ kàn mí, wọn ò kán nǹkan sí mi lójú, síbẹ̀ ayé padà sójú mi. Títí dòní, ẹnu ṣì ń yà mí.

Láyé ìgbà yẹn, bí ojú ọmọ bá wú, ẹ̀rín la fi ń rín. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin mi jí pẹ̀lú ojú wíwú. Kò tíì fọ ẹnu tá a fi dé ilé ìwòsàn. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí. Èmi ò rí ẹ̀rín rín. Bí ọmọ náà ṣe ń ka àkọlé ara ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan, láìmọ̀ pé iṣẹ́ ìyanu lòun ń ṣe, ni mo ń wò.