Ike Iyanrìn Méjì

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé Ìyá Ganíyù ní Ọ̀kà, wọ́n fẹ́ dìde kí mi, wọn ò lè dìde. Wọ́n tẹ ọwọ́ mọ́ apá àga lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì jókòó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú, ẹsẹ̀ mi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, omijé ló máa ń bọ́ lójú mi.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìkàrẹ́ ni mò ń gbé, àràárọ̀ ni mo sì ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ọ̀kà. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wa nígbà náà ni ti àwọn ìyá àgbà tí ara wọn ń joro. Bí ìyá àgbà bá ń jókòó ṣáá, tí kò sì jẹ ohun tó ń kọ́ ẹran ara, bíi ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja, itan rẹ̀ á máa tín-ín-rín títí a ó fi gbọ́ gbì lọ́jọ́ kan. Kò sí oògùn rẹ̀ ní kẹ́míìsì. Kó máa dìde lórí àga, kó máa jókòó padà, kó máa gbé ohun tó wúwo díẹ̀, kó sì máa jẹun gidi. Ó rọrùn lẹ́nu, àbí?

Oúnjẹ ló kọ́kọ́ fojú mi rí màbo. Iyán ni Ìyá Ganíyù ń jẹ lárọ̀ lálẹ́. Ẹran tó bá wà nínú ọbẹ̀, wọn á ṣà á sí ẹ̀gbẹ́ kan de àwọn ọmọ ọmọ wọn.

"Ìyá, ẹ̀yin ni ẹran yẹn wà fún."

"Nọ́ọ̀sì, mo ti jẹ tèmi láyé. Ti àwọn ọmọ ló kù."

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú gan-an. Mo pe Sìkírátù, àbúrò wọn tó ń dáná fún wọn, mo ní kó lọ ẹja gbígbẹ kúnná, kó dà á sínú ẹ̀gúsí, ká wo bí Ìyá ṣe máa ṣa ìyẹn fún ọmọdé. Ọ̀sẹ̀ kejì, Ìyá wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀tàn yín yìí dùn o," ni wọ́n wí.

Mo bu iyanrìn kún ike omi méjì, ìyẹn ni wọ́n ń gbé. Mo lè ti ilẹ̀kùn yàrá kí n kọ́ wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ayé ń pa mí. Iwájú ilé ni mo gbé àga sí, kí gbogbo Ọ̀kà lè rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ń pariwo, "Ẹ dìde! Ení! Ẹ jókòó! Ẹ dìde! Èjì!" Àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀, wọn á máa bá wa kà á. Ní oṣù kẹta, Ìyá dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá láìdi nǹkan kan mú. Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ha, mo yan ní Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ yẹn!

Iléyá dé. Ganíyù, ọmọ wọn tó ń ṣòwò ní Àbújá, wálé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó bá ìyá rẹ̀ níta pẹ̀lú iyanrìn lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò ń kà á. Ọ̀dọ̀ wa níbí, bí ọmọ bá ti rí jájẹ, ìyá rẹ̀ jókòó nìyẹn. Tí wọ́n bá rí ẹrù lọ́wọ́ ìyá, ọmọ ni wọ́n ń bú. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀? Ọmọ Òkè-Àgbè nítòsí ibí lèmi náà, ìyá tèmi kò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rí láti ìgbà tí mo ti gba iṣẹ́.

Ganíyù gba ike méjèèjì, ó da iyanrìn wọn sílẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, kí ni mo ṣe yín? Ṣé mo ti kú ni, tí ìyá mi fi ń gbé iyanrìn lójú gbogbo ayé?"

"Alájì, ìtọ́jú ni."

"Ẹ tọ́jú wọn níjòkòó."

Mo wojú Ìyá. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. "Ẹ fi sílẹ̀, Nọ́ọ̀sì. Ojú ń ti ọmọ mi."

Ganíyù ra àga ńlá fún wọn, rìbìtì tó rọ̀. Ìyá rì sínú rẹ̀. Ó ní kí Sìkírátù máa gbé gbogbo nǹkan fún wọn, ojoojúmọ́ ló sì ń pe fóònù láti béèrè bóyá wọ́n jókòó dáadáa. Ọmọ dáadáa ni, Ọlọ́run ló mọ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Mo lọ bá Ìyá lẹ́ẹ̀mejì pé ká máa ṣe é nínú yàrá. Wọ́n ní àwọn ò ní ṣe ohun tí ọmọ àwọn kọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún ò tíì yípo tí wọ́n fi ṣubú lọ́nà ilé ìwẹ̀. Eegun ìbàdí wọn kán.

Ilé ìwòsàn kan ní Ìkàrẹ́ tí wọ́n gbé Ìyá lọ ni mo ti tún rí Ganíyù. Ó gbé ike méjì lọ́wọ́, ó ti bu iyanrìn tuntun kún wọn. Ọkùnrin ńlá náà dọ̀bálẹ̀ fún mi.

"Aǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Kódà kó jẹ́ àárín ọjà, mo fara mọ́ ọn."

Ìyá gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n na ọwọ́. Ọwọ́ náà ti gbẹ pátápátá. "Nọ́ọ̀sì," ni wọ́n wí, "ẹ kà á."

Ganíyù fi ike kan sí wọn lọ́wọ́, ike náà ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ gbé ọwọ́ ìyá rẹ̀ ró nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì jọ gbé e. Mo ka ení. Mo ka èjì. Nígbà tí mo máa fi ka ẹ̀ta, okun ti tán lọ́wọ́ Ìyá, Ganíyù nìkan ló ń gbé e.