Edé Tí Màmá Ná Fúnra Wọn

Èéfín ẹja Ìlàjẹ kì í tètè kúrò lára aṣọ. Nígbà tí mò ń tọ́ ọmọ mi ní Bàrígà, òórùn yẹn ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí, torí ọwọ́ àwọn tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ni mo ti ń ra èyí tí mò ń tà fún àwọn arìnrìn-àjò. Wọ́n á wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á fowó ránṣẹ́, alẹ́ẹ̀tì á dún, wọ́n á sì yà gbẹ́rù wọn ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Fádèyí kí wọ́n tó kọjá sí pápákọ̀ òfurufú. A kì í nájà rárá. Ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ kì í jẹ́ kéèyàn ráyè àríyànjiyàn.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lókè òkun sanwó ẹja, ó ní ìyá òun tó ń bọ̀ wá bá òun tọ́mọ ni yóò gbà á. Màmá náà dé láti Ìsàlẹ̀ Èkó, takisí ń dúró dè wọ́n níta. Mo kúnlẹ̀, mo gbé ẹrù fún wọn. Wọn ò gbà á. Wọ́n béèrè pé èló ni. Mo ní ọmọ wọn ti sanwó. Ni wọ́n bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Mo rò pé ẹja ni kò wù wọ́n. Aránṣọ ń yọ́ sọ fún mi pé kí n sáré jù ú sínú takisí.

“Ìyá ìkókó,” ni màmá wí, “ẹja tí ọmọ mi fowó ara rẹ̀ rà ni mo máa gbé lọ bá a? Kí ni èmi ìyá rẹ̀ wá mú dání láti ilé?”

Wọ́n ní ọmọ náà ló sanwó ọkọ̀ òfurufú, òun ló ra bàtà ẹsẹ̀ wọn, kódà takisí tó wà níta yẹn, láti ọ̀hún ló ti pè é.

Edé tí mo rà fún ọbẹ̀ ilé mi wà nínú báàgì mi, mo yọ ọ́ jáde, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ dá owó gọbọi lé e kí wọ́n lè rí nǹkan ná. Màmá fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, ojú wọn là.

“Ṣé wúrà ló ń jẹ nínú omi ni?”

“Màmá, ẹ má bà mí lọ́jà jẹ́.”

A ná an títí onítakisí fi ń fọn fèrè. Wọ́n dìde bí ẹni ń lọ, mo pè wọ́n padà. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n sanwó, wọ́n gba èènì. Ẹja wọ búùtù takisí. Edé wà lórí itan wọn.

Ọmọ tí mo pọ̀n lọ́jọ́ náà ti mọ fóònù tẹ̀ jù mí lọ báyìí. Bó bá di ẹni tó ń sanwó gbogbo nǹkan mi lọ́la, inú mi á dùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n kó fi nǹkan kékeré kan sílẹ̀ fún mi láti rà, kí n má lọ sílé ọmọ mi bí àlejò.