Sátidé Nìkan Là Ń Jẹ Súìtì

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó ń pa òfin mọ́ ní Härnösand, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn Solbritt. Ó wa bọ́ọ̀sì nílùú náà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni tó sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì rẹ̀ rí. Bí àkókò bá ti tó, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí yìnyín bá gbé ṣubú ní ibùdókọ̀, kó dìde kó máa retí èyí tó ń bọ̀. Ó ṣì máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn lónìí, àfi bí ẹni pé ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí rẹ̀.

Òfin tó wá fẹ́ràn jù ni ti súìtì. Sátidé nìkan ni ọmọ gbọ́dọ̀ jẹ súìtì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gba òfin yìí, ó fi tọ́ Jerker, ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ó sì ti wá kan Tyra, ọmọ Jerker, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Bí Solbritt bá rí ọmọ tó ń lá súìtì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ojú tó máa fi wo ìyá ọmọ náà, ọlọ́pàá kì í fi wo olè bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bí Sátidé bá dé, ilẹ̀kùn ti ṣí nìyẹn. Òfin ti sọ ọjọ́. Kò sọ iye tí ikùn lè gbà.

Gbogbo Sátidé ni Tyra máa ń wá lo ọjọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni ohùn ènìyàn ń dún nínú ilé Solbritt. Láwọn ọjọ́ yòókù, rédíò ló ń bá jà. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé kì í lè sọ ọ́ lẹ́nu, ó kàn máa ń bá a wí pé kò bọ́ bàtà dáadáa.

Nígbà tí òtútù wá mú gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Tyra á dé láàárọ̀ Sátidé, ara rẹ̀ á le koko. Kí ilẹ̀ tó ṣú, á ti bì. Lọ́jọ́ Àìkú, ìgbẹ́ gbuuru. Lọ́jọ́ Ajé, jẹ́lé-ó-sinmi ò ní gbà á, torí ọmọ tó bá bì gbọ́dọ̀ fi odindi ọjọ́ méjì wà láìbì kó tó padà. Jerker tàbí Ylva ìyàwó rẹ̀ á wá jókòó tì í nílé, wọ́n á máa fi ojú bi ara wọn léèrè ẹni tó kàn.

Kò sí ẹni tí kò mọ orúkọ àìsàn náà: àìsàn èébì ìgbà òtútù. Bí ológbò bá wúkọ́ níbí ní oṣù kejì ọdún, àìsàn èébì ìgbà òtútù ló ń ṣe é. Solbritt gbé ogun dìde. Láràárọ̀ ló ń gbé hóró ata funfun mì lódindi, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ, torí gbogbo ayé ló mọ̀ pé kòkòrò àìsàn náà bẹ̀rù ata funfun. Kòkòrò náà nìkan ni kò tíì gbọ́. Ó bọ ọmọláńgidi Tyra nínú omi gbígbóná títí irun rẹ̀ fi re. Ó fi ọtí ìfọwọ́ nu gbogbo ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó sì nu ọwọ́ Torkel, bàbá àgbàlagbà tó ń gbé fúláàtì òdìkejì lórí àtẹ̀gùn kan náà, tó kàn wá yá ìwé ìròyìn.

Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Ylva dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wọ ìbọ̀wọ́ fún ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bì tán. Orúkọ lásán ló fi ń pe ìyá ọkọ rẹ̀, bí gbogbo wa ti ń ṣe níbí.

“Solbritt, mi ò bá ọ jà o. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ rẹ ló ti ń kó o wálé. Tó bá tún bì ní Sátidé tó ń bọ̀, ilé ló máa wà títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.”

“Ọ̀dọ̀ mi? Ilé tí dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀?”

“Mo ti gbọ́. Títí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ṣá.”

Solbritt ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀rù bà á gidi. Ó wo yìnyín tó bo ojú fèrèsé, ó sì rí bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti jìnnà tó sí ẹni tó ń dá gbé.

Nígbà tí Sátidé náà dé, ó se ẹja àti pòtétò lásán, kò fi bọ́tà sí i, oúnjẹ tí inú ẹyẹ pàápàá ò lè kọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jẹ súìtì. Àwọn súìtì dúdú oníyọ̀ tí a ń jẹ níbí ni Solbritt máa ń rà, èyí tí kì í ṣe súìtì lójú tirẹ̀ rárá. Oògùn ni, iyọ̀ inú rẹ̀ ń fọ ikùn. Ylva ò fẹ́ fojú rí i rárá, nítorí náà Solbritt sọ fún ọmọ náà, bó ti máa ń sọ, pé kó má sọ fún màmá rẹ̀. Kò tiẹ̀ fọkàn sí i pé yóò pa á mọ́. Ẹnu Tyra kì í gbé nǹkan; òun ló sọ fún gbogbo àdúgbò pé ìyá bàbá òun máa ń bú rédíò.

Jerker àti Ylva dé lọ́sàn-án, wọ́n jókòó ti kọfí. Wọn ò tíì mu ún dé ìdajì tí ojú Tyra fi funfun. Solbritt na korobá sí i, ọmọ náà bì. Ó sinmi díẹ̀, ó tún bì. Ylva dìde, ó lọ mú kóòtù rẹ̀ lára ògiri.

Ọmọ náà ò dáwọ́ dúró. Nígbà tí ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, Jerker tẹ nọ́ńbà tí gbogbo wa ń pè bí ara ò bá yá, ó sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí gbogbo wọn lè gbọ́. Nọ́ọ̀sì kan bi wọ́n pé kí ni ọmọ jẹ. “Ẹja àti pòtétò,” ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáhùn pọ̀, bí ẹgbẹ́ akọrin. Ó bi wọ́n bóyá ó ti tọ̀, wọ́n ní ó tọ̀. Ó wá ní kí wọ́n wo inú korobá fún òun.

“Ṣé nǹkan aláwọ̀ ewé wà níbẹ̀? Tàbí dúdú? Tàbí pupa bí ẹ̀jẹ̀?”

Solbritt ló gbé korobá dání. Ó wò ó.

“Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀,” ó ní.

Ohùn nọ́ọ̀sì yí padà. Ó ní òun ń rán áńbúláǹsì bọ̀, kí wọ́n sọ àdírẹ́sì. Ylva fi kóòtù sílẹ̀, ó di tábìlì mú. Solbritt sì mọ ohun tó dúdú yẹn dájú. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Dókítà á di ẹ̀bi náà ru àìsàn kan ṣáá. Bó bá sọ̀rọ̀, Sátidé rẹ̀ ti lọ. Ó wo ojú ọmọ náà, ojú sì tì í gan-an.

“Dúdú yẹn,” ó ní, “súìtì mi ni.”

Ylva yíjú sí i. Kó tó la ẹnu, Jerker wúkọ́.

“Pupa náà, èmi ni. Inú mọ́tò ni mo ti máa ń fún un. Sátidé ṣáà ni.”

“Àwọ̀ ewé ńkọ́?” nọ́ọ̀sì béèrè. “Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.”

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ara wọn, ẹ̀rù wá bà wọ́n lóòótọ́. Tyra ló gbé orí sókè nínú korobá.

“Súìtì Torkel tó rí bí ọ̀pọ̀lọ́ ni. Orí àtẹ̀gùn ló ti ń fún mi. Yẹ́lò ni ti Mọ́mì, èyí tí ò ní ṣúgà.”

Ylva jókòó. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí súìtì aláìníṣúgà náà pé bó bá pọ̀ jù, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ylva ti kà á, ó kàn rò pé àwọn tó ń jẹ ṣúgà ni wọ́n ń bá wí. Ó ní díẹ̀ ni òun ń fún un láàárọ̀ Sátidé, kí súìtì ẹlòmíràn má bàa wọ̀ ọ́ lójú.

Nọ́ọ̀sì mí kanlẹ̀. Ó ní áńbúláǹsì ò ní wá mọ́. Kí wọ́n máa fi ṣíbí fún un lómi, díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má gbé odindi ife fún un mu lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá tọ̀ mọ́, bí ara rẹ̀ bá rọ jọwọrọ, tàbí bí inú ríro bá le, kí wọ́n pe òun padà kíákíá. Ó wá fi pẹ̀lẹ́ béèrè bóyá ìbátan kan ṣẹ́ kù tó fẹ́ jẹ́wọ́.

Solbritt kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

“Tyra, kí ló dé tí o ò sọ fún wa?”

“Gbogbo yín lẹ ní kí n má sọ.” Omi lé ròrò sójú rẹ̀. “Mi ò sì sọ o, Màmá àgbà. Òun ló kàn ń jáde fúnra ẹ̀.”

Ylva gbé kóòtù rẹ̀ padà sára ògiri, ó wọ ilé ìdáná lọ, ó sì mú ife omi àti ṣíbí wá. Ó kó wọn lé Solbritt lọ́wọ́. Solbritt, tí kò tọrọ àforíjì rí lọ́wọ́ ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ fi sílẹ̀ sínú yìnyín, bẹ ọmọ ọdún mẹ́rin pé kó má bínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lómi mu.